Bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe orecchiette, pasta etí àwọn ará Bari

Nínú ìlú àtijọ́ Bari, ní ẹkùn Puglia ní gúúsù Ítálì, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Arco Basso. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó rí àwọn ìyá tó gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ìjẹun fa ìyẹ̀fun pípò lórí pátákó, tí etí kéékèèké sì ń já bọ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Etí kékeré gan-an ni orúkọ orecchiette túmọ̀ sí. Kòtò inú etí yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ń dúró sí. Nítorí kòtò náà la ṣe ń ṣe wàhálà tó kù.

Ìyẹ̀fun tó yẹ ni semola rimacinata, ìyẹn àlìkámà líle tí wọ́n ń pè ní durum, tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè kúnná. Ọ̀rọ̀ semola yìí náà ló bí orúkọ sẹ̀mó tí à ń ro nílé, ṣùgbọ́n sẹ̀mó tiwa kò kúnná tó. Ẹ má fi fúláwà àkàrà òyìnbó rọ́pò rẹ̀, ó máa ń rọ̀ jù. A kì í fi ẹyin sí i.

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ da semola 400 gíráàmù sórí pátákó, kí ẹ gbẹ́ ihò sáàárín rẹ̀, kí ẹ máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó tó 200 mìlílítà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10. Á kọ́kọ́ le lọ́wọ́ yín. Ẹ má tètè bu omi kún un, ó ń bọ̀ wá dán. Ẹ fi aṣọ bò ó, kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i gùn bí okùn tó nípọn tó ọmọńdinrín, kí ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó gba sùúrù la dé yìí. Ọ̀bẹ ìjẹun tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni kí ẹ mú. Ẹ dà á dúbúlẹ̀ díẹ̀ lórí ẹyọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ìyẹ̀fun náà á ká mọ́ ọ̀bẹ bí ìkarahun. Ẹ wá fi àtàǹpàkò dojú rẹ̀ dé, kí ibi tó ha mọ́ igi bọ́ síta. Orí igi ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí òkúta dídán: ẹ̀yìn etí náà kò gbọdọ̀ dán, kí òróró lè rí ibi dì mú. Ogún àkọ́kọ́ kò ní jọra wọn. Ẹ sè é bẹ́ẹ̀, ó dùn.

Ẹ̀fọ́ tí Bari fi ń jẹ ẹ́ ni cime di rapa, ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù tó korò díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò korò tó ewúro. Bí kò bá sí, ẹ lo broccoli. Ẹ gbé omi lítà 4 kaná pẹ̀lú iyọ̀ 40 gíráàmù. Bó bá hó, ẹ da ẹ̀fọ́ sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ da etí náà sínú omi kan náà. Ẹ máa tọ́ ọ wò láti ìṣẹ́jú kẹrin: ó gbọ́dọ̀ jinná, kí eyín sì ṣì mọ̀ pé òun ń jẹ nǹkan.

Kó tó jinná, ẹ fi iná díẹ̀ gbóná òróró ólífì pẹ̀lú awẹ́ aáyù méjì, ata gbígbẹ àti ẹja anchovy oníyọ̀ mẹ́rin, títí ẹja náà á fi yọ́ pátápátá. Ẹ bu ife omi pasta kan pamọ́, kí ẹ tó sẹ́ ìyókù. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí iná. Bó bá gbẹ, ẹ ta omi yẹn sí i.

Wàràkàṣì kọ́ la ń wọ́n sí i. Ẹ̀rún búrẹ́dì tí a fi òróró dín títí tó pọ́n ni, bí àwọn tí agbára wọn kò ká wàràkàṣì ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Ẹ wọ́n ọn nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an, kó lè ṣì máa ró lẹ́nu.