Bí ẹ ṣe lè fi orí ewúrẹ́ Oyíngbò ka eegun àwọn ẹranko àtijọ́

Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìyá mi sì ń ta pẹ́pẹ̀súùpù lẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà. Eegun ló pa iṣẹ́ àwa méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń rí fọ́sìlì kan ṣoṣo, ìyẹn eegun tó ti di òkúta nínú ilẹ̀, tí wọ́n á ní koríko ni ẹran tó ni ín ń jẹ, pé ó ti dàgbà, pé ó ti fara pa rí. Mo sọ ọ́ títí, kò yé wọn. Ọjọ́ tí mo gbé orí ewúrẹ́ sórí tábìlì lojú wọn là.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má lọ gbẹ́ ilẹ̀ o. Yanrìn ni Lẹ́kkí, ọ̀rá àti ìgò lẹ máa hú níbẹ̀. Ẹ lọ sí Oyíngbò láàárọ̀, ẹ ra orí ewúrẹ́ kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan. Kí alápatà tó gbé àáké sókè, ẹ tètè ké sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má là á!" Tó bá là á, àgbọ̀n á fọ́, ara àgbọ̀n yẹn gan-an la sì ti fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Kó fi oríkèé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ lódidi.

Ẹ sè é, ẹ jẹ ẹran rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dá eegun padà sínú omi, kó máa hó lórí iná kékeré títí iṣan á fi bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti jẹ́ kó gbẹ, torí oòrùn ń mú kí eyín sán. Ẹ má sì fi bílíìṣì kàn án. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo da bílíìṣì lé e lórí mọ́jú, mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó funfun báláú, àmọ́ bí mo ṣe dì í mú ló rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹfun. Owó orí ewúrẹ́ gbé.

Ó yá, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Lókè níwájú, kò sí eyín kankan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá a. Nísàlẹ̀, mẹ́jọ ni. Tí méjì àárín bá tóbi ju ìyókù lọ, ewúrẹ́ náà ti lé lọ́dún kan. Mẹ́rin ńlá, ó tó bí ọdún méjì. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá tóbi, ó tó bí mẹ́rin. Ẹni tó bá ti ra àgbò iléyá rí mọ̀ ọ́n. Ohun kan náà ni wọ́n ń wò lẹ́nu ẹran tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún: èwo ló ti yọ, èwo ló ti jẹ.

Ẹ mú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan. Eegun kan ṣoṣo ni látòkèdélẹ̀. Ti ẹja àrọ̀ tí ẹ jẹ lánàá kò rí bẹ́ẹ̀, eegun bíi mélòó kan ló so pọ̀; ti alángbá náà bẹ́ẹ̀. Tí àgbọ̀n tó ti di òkúta bá jẹ́ eegun kan ṣoṣo, ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ló ni ín.

Eyín ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi àtàǹpàkò ra orí rẹ̀, ẹ máa rí igun mímú tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ti mammoth, ìbátan erin tó nírun lára, tóbi bíi búrẹ́dì Agége, orí rẹ̀ sì rí bíi páànù ilé, ìlà lórí ìlà: koríko ló fi ń lọ̀. Ti mastodon, ìbátan erin mìíràn tó gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe gọ̀ǹgọ̀ gọ̀ǹgọ̀, torí ewé àti ẹ̀ka igi ló ń rún. Georges Cuvier, onímọ̀ ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "eyín ọmú". Mi ò rí kíláàsì kọ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Cuvier yìí kan náà ló fi eyín àti àgbọ̀n ṣàlàyé lọ́dún 1796 pé mammoth yàtọ̀ sí erin tí a mọ̀, pé irú rẹ̀ ti tán láyé, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé irú ẹ̀dá kì í tán.

Ti Smilodon kò ṣòro mọ̀: ẹranko àtijọ́ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ológbò ni, eyín gígùn iwájú rẹ̀ sì lè tó 28 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú gbòǹgbò. Rúlà ilé ìwé, 30 ni. Wọ́n hú ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀dà ilẹ̀ ní La Brea, Los Angeles, àwọn eegun míì sì ti ṣẹ́ kó tó tún jinná, bí ìhà ewúrẹ́ tí ọ̀kadà kọ lù tó wá ṣe kókó. Eegun òkú kì í jinná; ẹran náà yè é nìyẹn.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Nínú oríkèé ẹ̀yìn, eegun kékeré kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí àtàǹpàkò lọ. Àárín rẹ̀ jìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ga, bíi gàárì ẹṣin. Ẹ yí i padà, ìsàlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Màlúù ní in, àgùntàn ní in, ẹlẹ́dẹ̀ ní in. Lọ́dún 2001, wọ́n kéde irú eegun yìí lára ẹranko àtijọ́ láti Pakistan tó jẹ́ pé ti àbùùbùtán ni orí rẹ̀. Àbùùbùtán tí à ń pè ní ẹja, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni baba ńlá rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ewúrẹ́ lọ́nà jíjìn!

Tiwa náà wà. Ní Ameki, lápá gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n rí àgbọ̀n àbùùbùtán kan tó ti lé ní mílíọ̀nù 35 ọdún. C. W. Andrews, onímọ̀ fọ́sìlì ará Bírítéènì, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1920, ó sì sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi, nítorí Lugard. Inú bí àwọn ọmọ mi: kí ni Lugard fẹ́ fi àbùùbùtán ṣe?

Ẹ kọ orúkọ ẹran àti ọjọ́ sára eegun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí. Ìdérí yẹn ṣe pàtàkì, torí ajá onílé wa ti jẹ eegun oríkèé méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Ní báyìí, ìyá mi ń yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún mi ní gbogbo Sátidé, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ ifá.