Ìbọn Tí Èjìká Lè Gbé: Yíyan Ìbọn Ọdẹ fún Igbó Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ọdẹ, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ó lágbára?" Irú ẹran tó wà nínú igbó tí ẹ ń lọ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tún ro bí ẹ ó ṣe rìn tó kí ẹ tó rí i, àti bí èjìká yín yóò ṣe rí lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta.

Lójú ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó, abẹ́ kòkó ni ọdẹ ti ń rìn jù. Ẹ̀ka ń gbá a lójú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran kọjá mítà 30. Ní ìhà Iléṣà, tí ẹ bá ti ń sún mọ́ Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, òkè ni ẹ ó máa gùn. Ọ̀yà, òkété àti ẹtu ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀yà tó dàgbà dáadáa kì í sábà ju kílò 7 lọ, ẹtu náà wà láàárín kílò 8 sí 10. Ìgalà àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń bẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹran ojoojúmọ́. Ẹ má ra ìbọn ẹfọ̀n láti fi pa ọ̀yà.

Ìdí nìyí tí a kò fi ní kí ọdẹ agbègbè yìí ra ráífù, ìyẹn ìbọn ọlọ́ta kan tí wọ́n fín ìlà lílọ́ sí inú ọ̀pá rẹ̀. Ọta .22 tó kéré bẹ́ẹ̀ lè fò ju kílómítà kan àbọ̀ lọ bí kò bá bá nǹkan pàdé. Láti oko kòkó kan, ẹ ka iye abà tó wà láàárín kílómítà kan àbọ̀ kí ẹ wò ó. Ọta inú ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tètè máa ń rẹ̀ lójú ọ̀nà, mítà 25 sí 35 ló sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òun ló bá igbó wa mu.

Nọ́ńbà gééjì, èyí tó ń sọ bí inú ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó, máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹ ronú pé wọ́n mú òjé tó wúwo tó pọ́n-ùn kan, wọ́n pín in sí 12 dọ́gba, wọ́n wá rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan rí roboto: èyí tó bá wọ inú ọ̀pá náà gẹ́lẹ́ ló ń jẹ́ gééjì 12. Bí wọ́n bá pín in sí 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, nítorí náà gééjì 20 tín-ín-rín ju 12 lọ. Inú ọ̀pá gééjì 12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, ti gééjì 20 jẹ́ 15.6.

Ìwọ̀n ló gba ìṣirò jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. W. W. Greener, aṣebọn ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìlànà kan sílẹ̀ tó ṣì wúlò dòní: kí ìbọn wúwo tó ìlọ́po 96 ìwọ̀n ọta tó wà nínú kátíríìjì rẹ̀, ìyẹn agolo kékeré tí wọ́n di ọta àti ẹ̀tù sí. Kátíríìjì ọlọ́ta gíráàmù 28 ń fẹ́ ìbọn bíi kílò 2.7. Ti gíráàmù 32 ń fẹ́ bíi kílò 3.1. Ti gíráàmù 36 ń fẹ́ bíi kílò 3.5. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe: wọ́n á ra ìbọn ẹlẹ́nu kan tó jẹ́ kílò 2.5 nítorí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré, wọ́n á tún wá ki kátíríìjì gíráàmù 36 bọ̀ ọ́. Èjìká ló ń san ìyókù owó náà. Bí ẹ bá fi kátíríìjì kan náà sínú ìbọn kílò 3 àti ti kílò 2.5, ti kílò 2.5 á fi ìdá kan nínú márùn-ún ti èjìká yín jù. Bí ìbọn fúyẹ́fúyẹ́ ló wà lọ́wọ́ yín, kátíríìjì gíráàmù 28 ni kí ẹ máa lò. Ọ̀yà kò ní mọ ìyàtọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán ìwọ̀n náà wò nílé. Ẹ bu omi lítà 3 sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí ẹ rìn fún wákàtí méjì, kí ẹ sì gun òkè díẹ̀. Kílò 3 nìyẹn. Ẹ rántí pé kátíríìjì 20 yóò fi bíi kílò kan kún un, yàtọ̀ sí àdá, omi mímu àti tọ́ọ̀ṣì orí. Bí okùn bá ti ń gé yín lára kí wákàtí kan tó pé, gééjì 20 tó wọn bíi kílò 2.7 ni kí ẹ wá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Àárẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí ẹran bá yọjú.

Ọ̀pá tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 66 tó fún inú kòkó. Èyí tó jẹ́ 76 á máa há mọ́ ìtàkùn, iwájú rẹ̀ á sì máa fa ọwọ́ wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn náà, kí ẹ wá nà án síwájú bí ẹni fẹ́ yìn ín, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń jó, iwájú rẹ̀ ti wúwo jù fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dijú, ẹ gbé e sí èjìká, kí ẹ lajú. Ojú gbọ́dọ̀ bá òkè ọ̀pá lọ tààrà láìgbé orí sókè. Kí àlàfo bí ìka méjì wà láàárín imú àti àtàǹpàkò, nítorí bí ìdí ìbọn bá kúrú jù, àtàǹpàkò náà ni yóò gbá yín nímú. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ìbọn máa ń dín títì èjìká kù gan-an, ṣùgbọ́n ó ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kún gígùn rẹ̀. Ọlọ́wọ́ kúkúrú ní láti jẹ́ kí káfíńtà gé igi ìdí náà díẹ̀ kí ó tó fi rọ́bà sí i.

Bí ìbọn bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣẹ́ ẹ kí ìdí ọ̀pá rẹ̀ lè ṣí, ẹ gbé inú ọ̀pá sókè sí ìmọ́lẹ̀. Òjìji tó rí bí òrùka nínú rẹ̀ fi hàn pé ó ti wú níbì kan. Ẹ pa á dé, ẹ mi ín: bí ó bá ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń ṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ọrùn igi rẹ̀ bóyá ó ti là. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n fi páìpù omi rọ ọ̀pá rẹ̀, nítorí ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù náà pọ̀ ló máa ń ya. Ní ti òfin, ẹ gba ìwé àṣẹ ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí ẹ tó ra ìbọn. Òfin kò gba pump action, ìbọn tí wọ́n ń fa ọwọ́ iwájú rẹ̀ sẹ́yìn láti ki ọta, lọ́wọ́ ọdẹ. Akika náà wà lábẹ́ ààbò, ẹ má yìnbọn fún un.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá. Bí ó bá jẹ́ 70, ìyẹn mìlímítà 70 tí àyè kátíríìjì inú rẹ̀ gùn, ẹ má fi kátíríìjì mìlímítà 76 sí i. Yóò wọlé nítorí pé wọ́n ká ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣí, kò ní sí àyè fún un, agbára iná á wá lé kọjá ohun tí irin náà lè gbà. Èyí tó tún burú jù ni kí kátíríìjì gééjì 20 wọ inú ìbọn gééjì 12. Á yọ́ wọ inú ọ̀pá, á há síbẹ̀, ojú kò sì ní rí i. Ọdẹ á rò pé òun kò tíì ki nǹkan kan, á ki ti 12 tẹ̀lé e, á yìn ín, ọ̀pá á sì bẹ́ sí i lọ́wọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe kátíríìjì gééjì 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Kí gééjì méjì má ṣe wà nínú àpò kan láé.

Láti mọ̀ bóyá ìbọn ti ń dẹ́rù bà yín, ẹ wá ibi tí ebè gíga tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè wà lẹ́yìn àmì. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá yín ki ìbọn láìjẹ́ kí ẹ rí i: kátíríìjì tòótọ́ nígbà kan, èyí tí wọ́n ti yìn nígbà mìíràn. Nígbà tí èyí tí wọ́n ti yìn bá wà níbẹ̀, bí ẹnu ìbọn bá rẹlẹ̀ tàbí tí ojú bá pa dé bí ẹ ti ń fà á, ìbẹ̀rù títì èjìká nìyẹn, ó sì ti ń mú kí ẹ máa tàsé. Ẹ sọ kátíríìjì kalẹ̀ sí gíráàmù 28, kí ẹ má yìn ju mẹ́wàá lọ lójúmọ́.

Lórí ègùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó jókòó lórí igi kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi gba títì èjìká, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ìbọn máa ń yọ́ gun orí èjìká bí ẹ bá ń yìn ín sísàlẹ̀. Ẹ fi okùn so ìbàdí mọ́ igi, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi ìdí ìbọn sínú kòtò èjìká, kì í ṣe lórí egungun apá. Ìbọn tí ẹ bá fẹ́ gbé gun ègùn, ẹ yọ ọta inú rẹ̀ kúrò ná, ẹ fi okùn fà á gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó.