Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú yíya àwòrán CT ikùn

Àṣìṣe tí mo kà sí olórí ni kí á máa lépa àwòrán tí ó mọ́ kedere jù lọ fún gbogbo aláìsàn, láìbéèrè ohun tí dókítà ń wá. Àwòrán CT ikùn kan, èyí tí ẹ̀rọ ń fi ìtànṣán X-ray yà ní ègé ègé, lè kó nǹkan bí 8 sí 10 mSv ìtànṣán sí ara (mSv ni òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà), bẹ́ẹ̀ X-ray àyà kì í sábà ju 0.1 mSv lọ. Bí a bá sì fẹ́ kí hóró wínníwínní tó ń bo àwòrán dín sí ìdajì, ìtànṣán náà ní láti di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹwà àwòrán wọ́n púpọ̀ fún ara.

Òkúta inú kíndìnrín máa ń hàn funfun báláú, nítorí náà ìwọ̀n tí kò tó 3 mSv sábà máa ń tó láti rí i lára ẹni tí kò sanra jù. Kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ dọ́gba lójú àwòrán. Ẹni tí ó bá dín ìtànṣán kù jù níbẹ̀, tí ó wá gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà láti pa hóró rẹ́, lè pa kókó kékeré náà rẹ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá sì tún àwòrán náà yà, ìtànṣán tí a rò pé a dín kù ti di púpọ̀.

Ẹ má ṣe fojú kéré ibi tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí. Bí tábìlì bá gbé e sún mọ́ túùbù tó ń tú ìtànṣán jáde nígbà tí a ń ya àwòrán ìṣètò (èyí tí a kọ́kọ́ ń yà láti fi ṣètò iṣẹ́), ara rẹ̀ yóò hàn tóbi ju bí ó ti rí lọ, ẹ̀rọ tó ń ṣàtúnṣe ìtànṣán fúnra rẹ̀ yóò sì tú u jáde jù. Bí ó bá jìnnà sí i, ìtànṣán kò ní tó, àwòrán á sì kún fún hóró. Ẹ wo ìlà iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó gba àárín ara kọjá, kí ẹ sì gbé apá aláìsàn sókè orí rẹ̀ bí ó bá lè gbé e.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni yíya ikùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣètò ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ìtànṣán. Fún ọ̀pọ̀ inú rírun, ẹyọ kan, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 70 lẹ́yìn tí a gún oògùn áyódìn (èyí tó ń mú kí ẹ̀yà ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kedere), ti tó. Irú àìsàn bíi jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sì yẹ kí á fi 120 kV (kV ni òṣùwọ̀n agbára iná tí a fi ń tú ìtànṣán jáde) ya tọmọdé tàgbà. Lára ẹni tí kò sanra, 100 kV máa ń mú áyódìn tàn yòò, ó sì ń dín ìtànṣán kù. Ẹni tó sanra ní tirẹ̀ lè nílò 120 kV náà. Bí ègé àwòrán mílímítà 1 bá sì kún fún hóró, ẹ má ṣe fi kún ìtànṣán nítorí rẹ̀: ẹ tún un tò sí mílímítà 5 fún kíkà, kí ẹ sì padà sí èyí tí ó tín-ín-rín níbi tí nǹkan bá ti rú yín lójú.