Bí mo ṣe ka ìwé ínṣọ́ránsì fún màmá mi kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i

Ewé kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin ẹ́jẹ́ǹtì náà mú wá bá màmá mi l'Ómù-Àrán. Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ, àyè wà fún déètì, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ fún ìtẹ̀ka. Lókè àpótí náà, wọ́n fi lẹ́tà tíntìntín kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó tẹ̀ka síbẹ̀ ti ka ìlànà ìpamọ́ àṣírí ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ti gbà á. Màmá mi ò ka Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí ọmọ náà sọ ohun tó wà níbẹ̀ fáwọn, ó sọ ọ́. Wọ́n wá bi í pé, "Ìwé tí mo ti kà yẹn dà?" Ó ní, "Màmá, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Wọ́n ní kó jókòó, kó mu omi, àwọn fẹ́ pe ọmọ àwọn.

Èmi lọmọ náà. Táńkẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà n'Ílọrin, lójú ọ̀nà Yunifásítì, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, tí mo sì ń ṣe fótókọ́pì. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ́ á mọ̀ pé bí ojú ewé kan bá dá rìn wá, àwọn tó kù wà níbì kan. Mo ní kí màmá mi má tíì tẹ̀ka. Mo bẹ ẹ́jẹ́ǹtì náà lórí fóònù pé kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni màmá mi ń bá yí. Nígbà tí owó oògùn fẹ́ máa jẹ èrè èlùbọ́ wọn tán, èmi àti àbúrò mi tó wà l'Ékòó fẹnu kò pé ká máa dá owó ínṣọ́ránsì ìlera fún wọn, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní adójútòfò. Òfin tiẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan: òfin ọdún 2022 tó dá NHIA sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì ìlera, ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó wá ẹni tó ní in títí lọ́jà Ìpàtà. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì ní Kwárà. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ ní Ṣóńgà, ó sì dé Àfọ̀n lọ́dún 2009.

Ìdí kan wà tí ara mi kì í fi í balẹ̀ sí irú ìwé yìí. Kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ṣe ínṣọ́ránsì fún wa níbẹ̀, mo sì fi ṣe àyẹ̀wò kan tí obìnrin kì í pariwo. Oṣù náà ò tíì parí tí akọ̀wé ọ̀gá fi ń rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Ilé ọmọ ńkọ́?" Mo rò ó títí, ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́. Ìwé ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń fi ránṣẹ́ sọ́fíìsì lóṣooṣù ló kọ orúkọ mi, ó kọ ohun tí wọ́n yẹ̀ wò lára mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kọ iye. Nígbà tí mo lọ jà, wọ́n gbé ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde. Ọwọ́ mi ni lóòótọ́.

Nítorí náà mo lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba màmá mi, mo rí ìwé náà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ewé mẹ́tàlá. Bírò pupa ni mo fi fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tí wọn ó fún ní nǹkan, búlúù sábẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Mo tọ́jú dúdú dè ibi tí wọ́n bá ti sọ ìgbà tí wọn ó pa á rẹ́. Dúdú ò rí iṣẹ́ ṣe. Pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ mọ́tò ní Gáráàjì Ọ̀fà, a gba Ìdófìán, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo, mo bá màmá mi níwájú ilé tí wọ́n ń jọ èlùbọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè rò pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ìgbà tó bá ní kóun sọ ọ́ fún ìyá òun.

Orí ìwé náà ni mo kọ́kọ́ túmọ̀: Ìlànà Ìpamọ́ Àṣírí. Wọ́n ní, "Àṣírí ta ni? Tèmi àbí tiwọn?" Mo ní tiyín ni. Mo kà á lọ. Nígbà tí mo dé ojú ewé kẹta, wọ́n gbé asẹ́ sílẹ̀. "Àjíkẹ́, láti ìgbà tó o ti ń kà á, pínpín ni mo ń gbọ́. Ìpamọ́ ẹ̀ dà?" Mo tún ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ wò, bóyá mo fo ibì kan. N ò fo ibì kankan.

Ohun tó wá dè wá mọ́lẹ̀ ni "lè". Káàkiri ni wọ́n kọ ọ́ sí: a lè gba ìròyìn nípa àìsàn yín, a lè pín in, a lè fi í ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Màmá mi ní, "Tí mo bá sọ fún ẹni tó jẹ mí lówó pé mo lè yà lọ́la, ṣé màá yà àbí mi ò ní yà?" Mo ní ẹ máa yà. "Yọ lè yẹn kúrò nígbà náà, kó o tún un kà." Mo tún un kà: a ń gba ìròyìn nípa àìsàn yín, a ń pín in, a ń fi í ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìwé náà yí padà lójú mi. Bí a ṣe ka ìyókù nìyẹn, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó ṣe bákan náà.

"Ẹni kẹta" wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Mo kà á. Màmá mi fi ìka ṣírò: àwọn lẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ lẹnì kejì. Dókítà ńkọ́? Ẹni kẹta. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Ẹni kẹta. Ẹni tó ń ta oògùn, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń polówó ọjà? Ẹni kẹta ni gbogbo wọn. "Ẹni kẹta yìí ti tó ogún!" Ibì kan sì tún wà tí wọ́n ti dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá tiwọn tan. Mo túmọ̀ ẹ̀ sí mọ̀lẹ́bí ilé-iṣẹ́, torí n ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí. "Ilé-iṣẹ́ náà tún ní mọ̀lẹ́bí? Ẹ̀yin ẹ̀ bá kúkú pè mí síbi ìkómọ."

N ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé gbogbo pínpín ló burú o. Èyí tí kò ṣeé yẹ̀ wà níbẹ̀. Bí dókítà tó kọ́kọ́ ń tọ́jú wọn bá rí i pé ṣúgà màmá mi ti ga, tó fẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni UITH l'Ókè-Òṣé, ó gbọ́dọ̀ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ìlera náà, kí wọ́n tó lè gbà wọ́n níbẹ̀ lórí ínṣọ́ránsì. HMO ò sì ní fún un ní kóòdù láìmọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Bó bá ṣe pé wọ́n tọ́jú wọn náà, ilé ìwòsàn á kọ orúkọ àìsàn àti oògùn ránṣẹ́ kó tó gba owó ẹ̀. Èyí yé màmá mi ju bó ṣe yé mi lọ. Wọ́n ní ẹni tó ń sanwó ọbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sídìí tó fi yẹ kó lọ sọ fún ará àdúgbò pé ẹran kan ṣoṣo la jẹ. Ibi tí mo fi ìjà sí náà nìyẹn: ẹni tó ń polówó, àti àwọn mọ̀lẹ́bí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní kí n fi HIPAA dẹ́rù bà wọ́n. Òfin Amẹ́ríkà lórí àṣírí ìlera nìyẹn, ti ọdún 1996. Fíìmù ló gbé e dé Táńkẹ̀. Tiwa wà nílẹ̀. Abala 26 nínú Òfin Ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 2014, sọ pé àṣírí ni ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ ìlera aláìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ tú u síta àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pa á láṣẹ, tàbí tí bíbò ó bá máa kó ará ìlú sínú ewu ńlá. Wọ́n tún yọ̀ǹda fún òbí ọmọdé àti alágbàtọ́ ẹni tí kò lè dá pinnu. Abala 29 ní kí ilé ìwòsàn ṣọ́ fáìlì, ẹni tó bá sì rú u lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san 250,000 náírà, tàbí méjèèjì. Òfin kejì ni ti ìdáàbòbò détà, ìyẹn ìròyìn nípa ara ẹni, kì í ṣe détà orí fóònù, èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù Kẹfà ọdún 2023. Àwa máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin yìí sọ pé ẹni tó dákẹ́ ò tíì gbà. Ó ní bó ṣe rọrùn láti gbà náà ló gbọ́dọ̀ rọrùn láti sọ pé o ò gbà mọ́, o sì lè béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ.

Íméèlì ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ détà wà lójú ewé tó kẹ́yìn. Mo kọ̀wé sí i. Mo béèrè orúkọ gbogbo ẹni kẹta, mo ní kí wọ́n yọ màmá mi kúrò nínú ti ìpolówó àti ti mọ̀lẹ́bí, mo sì béèrè iye ọdún tí fáìlì wọn á fi wà níbẹ̀ bí a bá kúrò. Èsì kan dé lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, èèyàn fèsì: ó fi ojú ewé mẹ́tàlá náà ránṣẹ́ sí mi. Mo tún kọ̀wé, lọ́tẹ̀ yìí mo dárúkọ àwọn abala òfin níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní àwọn ò lè bá mi sọ ohunkóhun nípa màmá mi, àfi tí mo bá mú ìwé tó fi hàn pé màmá mi rán mi níṣẹ́ wá.

Inú bí mi. Mo ti ń tẹ èsì gbígbóná lọ kí n tó rí i pé ohun tí mo ń jà fún gan-an ni wọ́n ṣe fún mi yìí. Màmá mi ní wọ́n gbá mi mú dáadáa. Wọ́n tẹ̀ka síwèé àṣẹ fún mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́.

Láàárín èyí, màmá mi wá sọ́dọ̀ mi n'Ílọrin fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n ṣe. Ilé ìwòsàn aládàáni kan la lọ. Bẹ́ǹṣì kún fọ́fọ́. Ọmọkùnrin tó ń pe káàdì yọrí síta, ó lọgun: "Màmá oníṣúgà láti Òmù-Àrán!" Gbogbo ojú yí sí wa. Alhaja kan tó jókòó tì wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé tí wọ́n lè sè mu. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn jùyọ̀! Èmi tí mo ti ń bi wọ́n léèrè kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun, ẹnu ọmọ kan ló tú gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Mo wọlé tọ nọ́ọ̀sì àgbà lọ, mo kí wọn dáadáa, mo sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ọmọ náà sọ ọ́. Nígbà tó tún pè wá, orúkọ nìkan ló pè. Ṣùgbọ́n kí n tó jáde, màmá mi ti gba nọ́ńbà Alhaja.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, obìnrin kan pè mí láti ilé-iṣẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kò tíì sẹ́ni tó béèrè orúkọ ẹni kẹta lọ́wọ́ àwọn rí. Ó ka márùn-ún: ilé ìwòsàn tí a bá mú, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ilé oògùn, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, àti àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì. Ó ní àwọn ti yọ ti ìpolówó àti ti mọ̀lẹ́bí. Lórí iye ọdún, ó ní "bí òfin bá ṣe fẹ́." Mo bi í pé òfin wo. Ó ní òun á pè mí padà. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Mo tẹ orúkọ márààrún sí ewé kan ní Yorùbá, mo gbé e lọ sílé. Ẹ́jẹ́ǹtì náà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ewé tuntun. Màmá mi ní kó ka ti Yorùbá sókè. Ọmọ Ìgbómìnà ni, ó kà á geerege. Nígbà tó parí, wọ́n bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà níbẹ̀?" Ọmọ náà tún un kà látòkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù tí gbogbo àìsàn màmá mi wà nínú ẹ̀ sínú báàgì, lórí ọ̀kadà, títí dé Ìlọrin. Mo fa bírò pupa yọ, mo kọ orúkọ rẹ̀ ṣe ìkẹfà, ó fọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Màmá mi wá ti ìka bọ íńkì.

Mo ní kó má fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ gbayawu, mo fún un ní àpòòwé kan. Màmá mi ní kó san owó ẹ̀.