Má Fọwọ́ Kan Kẹ̀kẹ́ Yẹn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Ọmọ IT Níbi Eré Ìdárayá Àwọn Akanda Ẹ̀dá

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ pápá ní Sùúrùlérè gẹ́gẹ́ bí ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé rán wá kọ́ṣẹ́, mo ti kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò rán mi níṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni à ń pè é ní pápá wa. Kì í ṣe ti Márúwà o, wheelchair ni. Bọ̀dá kan ló ń bọ̀ láti ẹnu géètì, òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú ọ̀nà, ni mo bá sáré di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, mo taari rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí táyà, àtàǹpàkò rẹ̀ bá há sáàárín táyà àti irin bíréèkì. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, tí ìwọ bá ń wa mọ́tò rẹ lọ, ṣé kí èmi náà kàn na ọwọ́ wọlé kí n di sítíárì mú?" Ó yí táyà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "báwo ni" lọ.

Nísinsìnyí, èmi ni wọ́n ń kó ọmọ IT àti àgùnbánirọ̀ fún. Wọ́n ń wá láti Akọka, wọ́n ń wá láti Ọ̀jọ́, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìdárayá àtàwọn tó ń kọ́ fisiotẹ́rápì. Ọmọ dáadáa ni púpọ̀ nínú wọn. Àánú ló ń kó bá wọn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, àmọ́ ẹni tí àánú bá bò lójú kì í rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, àṣìṣe tí mò ń rí jù nìyẹn: kí ọwọ́ ṣáájú ẹnu. Wọ́n á ti kẹ̀kẹ́, wọ́n á gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n á fa afọ́jú lọ́wọ́ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Béèrè ná. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín tì í?" Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Ẹni tí kò ríran, sọ orúkọ rẹ fún un, kí o na ìgúnpá rẹ sí i kó fúnra rẹ̀ dì í mú. Ẹ̀yìn rẹ ni yóò máa rìn. Kì í ṣe pé kí o máa tì í síwájú bí ẹrù.

Nígbà tí mo wá jókòó ka òfin àwọn eré wọ̀nyí, ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ti kọ ibi tí ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ parí sí sínú rẹ̀. Ẹ wo bóṣíà, eré tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù pupa àti búlúù kó lè sún mọ́ funfun. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò lè ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní BC3, máa ń yí i gba orí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sọ̀kalẹ̀, olùrànlọ́wọ́ ló sì ń sún ọ̀nà náà sọ́tùn-ún sósì. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ yìí gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí pápá ni. Kò gbọ́dọ̀ wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Eléré ló ń wò, eléré ló ń rò ó, ti olùrànlọ́wọ́ ni kó gbé ọ̀nà náà síbi tí eléré bá ní kó gbé e sí. Nínú eré sísá àwọn afọ́jú, ẹni tó ń mú eléré sáré kò gbọ́dọ̀ fà á, kò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ kọjá ìlà òpin. Níbi irin gbígbé náà, bákan náà ni. Nígbà tí Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀, ọmọ Nàìjíríà, gbé kílò 167 ní Paralympics ti Paris lọ́dún 2024, tó fi gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, tó sì tún fi dá àmì tuntun sílẹ̀ lágbàáyé, àwọn tó dúró ti irin kò gbọ́dọ̀ fi ìka kàn án títí adájọ́ yóò fi pàṣẹ. Bí wọ́n bá kàn án, gbígbé yẹn kò kà. Mo máa ń sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ IT lọ́jọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́. Díẹ̀ ni ó máa ń wọ̀ létí lọ́jọ́ náà.

Àṣìṣe kejì, mo lè fi gbogbo ọjọ́ sọ ọ́: kí wọ́n rò pé eré àwọn akanda jẹ́ eré ìdárayá tí wọ́n bu omi là. Ní básíkẹ́ẹ̀tì orí kẹ̀kẹ́, gíga àwọ̀n ṣì jẹ́ mítà 3.05, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré. Ní tẹníìsì orí kẹ̀kẹ́, ohun tí wọ́n yí padà kò ju pé bọ́ọ̀lù lè ta lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀ kí o tó gbá a. Ní góòlù-bọ́ọ̀lù, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946 fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ lójú ogun, gbogbo eléré ló ń fi nǹkan bo ojú, ẹni tó ríran fírí àti ẹni tí kò ríran rárá, kí ó lè bára dọ́gba. Agogo wà nínú bọ́ọ̀lù, òun ni wọ́n ń tẹ́tí sí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ibẹ̀ fi ń pa lọ́lọ́. Ọmọ IT kan kò pa fóònù rẹ̀, orin fújì bú jáde nínú àpò rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀, góòlù wọlé. Àwọn tó gba góòlù yẹn wọlé kò tíì dárí jì í.

Fún àwọn ọmọdé, kò burú kí o fa àwọ̀n wálẹ̀, kí o lo bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́, kí o sún ìlà mọ́ wọn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí o wá mú kó má ṣeé ṣe fún ọmọ láti pàdánù. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń bá ọmọ ọdún mọ́kànlá ta bọ́ọ̀lù, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ tàsé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Àǹtí ń ṣe bíi pé òpònú ni mí."

Tàwọn àgbà tiẹ̀ tún burú jù. Ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, baba kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún. Ọmọ IT gbé ìwé àwòrán labalábá àti kíréyọ́ọ̀nù fún un kó máa kùn ún. Baba wò ó títí, ó ní, "Ṣé wọ́n ti dá mi padà sí jẹ́lé-ó-sinmi ni?" Ọpọ́n ayò wà lábẹ́ àtẹ̀gùn níbẹ̀, eruku ti bò ó. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ìka méjì ni wàá fi ṣà á, ọkàn ni wàá fi kà á, wàá sì máa ro ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Kí ni ìka tí kò lágbára àti ọpọlọ tó ń padà bọ̀ sípò tún ń wá? Nígbà tí a gbé e jáde, baba fi ọwọ́ tó le náà ṣà á. Ọmọ ayò ń já bọ́, ó ń bú u, ó ń ṣà á padà. Ó tún lu èmi alára mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti ní kí ẹ ká etí sílẹ̀ rèé, nítorí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Ẹni tí ìjàǹbá bá ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, òógùn kì í jáde dáadáa láti ibi tí kò ti mọ nǹkan lára mọ́. Oòrùn Èkó máa ń tètè mú un, kó tó sọ pé ó rẹ òun. Iṣẹ́ tirẹ ni òjìji, omi, aṣọ tútù fún ọrùn, àti kí eré bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Má gbé e sórí bẹ́ǹṣì onírin tàbí kọ̀ǹkéré tó ti ń gbóná láti àárọ̀. Itan rẹ̀ lè bó kó má mọ̀. Rán an létí kó máa gbé ìdí sókè díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, torí egbò ìdí kì í kéde ara rẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ máa ń wá bí orí fífọ́ lásán. Ó máa ń bá àwọn tí ìpalára ẹ̀yìn wọn wà láti ọ̀gangan àyà lọ sókè. Orí á máa fọ́ wọn kíkankíkan lójijì, ojú á pọ́n, òógùn á bo orí àti ọrùn, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì máa ru sókè gan-an. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n kan rí ní pápá, ọmọ IT tó wà nítòsí kò sì mọ̀ ọ́n. Ó fún ẹ̀gbọ́n náà ní parasitamọ́ọ̀lù, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù, ó ní kó dùbúlẹ̀. Dídùbúlẹ̀ yẹn gan-an ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru. Kóòṣì sáré dé, ó gbé e jókòó nàró, ó tú bẹ́líìtì, ó wá rọ́bà ìtọ̀. Ó ti ká mọ́ abẹ́ itan, ìtọ̀ kò ráyè kọjá. Bó ṣe tú u báyìí, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ohun tó ń fà á jù nìyẹn: àpò ìtọ̀ tó kún, tàbí aṣọ àti okùn tó fún jù. Jẹ́ kó jókòó, tú ohun tó fún, wo rọ́bà, kí o pariwo pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá lọ wéré, ilé ìwòsàn ni.

Bí wárápá bá gbé ẹnì kan, gbé ṣíbí rẹ sílẹ̀. Má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, má bu omi tàbí àdín sí i, má dì í mọ́lẹ̀. Kó nǹkan líle kúrò nítòsí, fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, wo aago. Tó bá ti rọlẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Fún ti itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ní ó máa ń ranni, irọ́ ni. Àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ńkọ́? Oríkèé ọrùn àwọn kan nínú wọn máa ń tú, nítorí náà kò sí títa òkìtì, kò sí fífi orí kan bọ́ọ̀lù, àfi tí dókítà bá ti yẹ ọrùn wò.

Ó ku ìwé lọ́ọ̀gù, ìyẹn ìwé tí ọmọ IT ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí. "A gbá bọ́ọ̀lù, inú wọn sì dùn." Mo ti ka gbólóhùn yìí títí ojú mi fi fẹ́ fọ́. Ohun tó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí eré lásán ni pé o wo ẹni náà kí o tó bẹ̀rẹ̀, o pinnu ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń lé, ẹ ṣe é, o tún padà wò ó. Ọmọbìnrin kan kọ èyí lọ́dún tó kọjá: "Ó ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà, mẹ́rin kọjá ìlà. Méjì ni lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò fi ọwọ́ òsì di àga mú mọ́ kó tó jù ú. Ó sinmi lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta." Fisiotẹ́rápísìtì ọmọ náà ní ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òun.

Àwọn tó ń lé Amẹ́ríkà, ẹ fetí síbí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ilé-ìwé dé ìwé-ẹ̀rí CTRS, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń fi eré àti ìgbafẹ́ ṣe ìtọ́jú, tí àjọ NCTRC ń fúnni lọ́hùn-ún, gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kíkọ́ tí kò dín ní wákàtí 560, fún ọ̀sẹ̀ 14 tó tẹ̀ léra ó kéré tán, lábẹ́ ẹni tó ti ní CTRS fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́fà tí o fi ṣe IT níbí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ o, mo gbà, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n ń kà. Mo ti rí ẹni tó parí tirẹ̀ tán kó tó mọ̀. Béèrè kí o tó kọ lẹ́tà.

Àwọn kékeré tó kù: má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni kí o wá kọ "ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe dára sí yín" sábẹ́ rẹ̀. Má gbọ́wọ́ lé orí eléré kí o máa gbàdúrà ìwòsàn, ìmúra eré ló bá wá. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ ni kí o bi ní ìbéèrè, kì í ṣe ẹni tó dúró tì í.

Má sì kọ "kò ní ìtara" síwájú orúkọ ẹni tó pẹ́ dé. Danfó mẹ́rin lè kọjá lára ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ní Ojúẹlẹ́gbà láìdúró. Karùn-ún á dúró, á sì ní kó san owó ìjókòó méjì torí kẹ̀kẹ́. Òfin Àwọn Akanda ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 2019, kọndọ́ kò tíì kà á. Aago méje àárọ̀ tí o kọ sórí ìwé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ẹlòmíràn ti jí fún un ní Ìkòròdú.

Èyí tó kẹ́yìn ni lílọ láìdágbére. IT parí ní Fúráìdè, ọmọ IT lọ, ó tán. Ọjọ́ tí o bá dé ni kí o ti sọ ọjọ́ tí o máa lọ fún àwọn ọmọdé, kí o tún sọ ọ́ bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ kan wà níbí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbà kó di ọ̀nà bóṣíà mú fún òun. Sátidé mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọkùnrin yẹn lọ, ó ń tọ́ka sí géètì, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọ̀nà náà. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun pè é. Nọ́ńbà tó kọ sínú ìwé lọ́ọ̀gù kò wọlé.