Ẹ̀dínwó epo ní ṣọ́ọ̀bù ńlá: àwọn àṣìṣe tó ń kó owó lọ lápò wa

Bí ẹ bá ń gbé ní Houston, Dallas tàbí Atlanta, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí láàárín àwọn èèyàn wa: "Èmi kì í ra epo ní iye tí ẹ ń rà á o, Kroger máa ń yọ dọ́là kan fún mi." Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó tún ń ta epo ni Kroger, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sì purọ́. Wọ́n ń yọ dọ́là kan lórí gálọ́ọ̀nù lóòótọ́. Ohun tí kì í fi kún un ni iye tó ti ná lórí ẹyin, adìyẹ àti ọṣẹ ìfọṣọ kí dọ́là kan yẹn tó jáde. Ojú páǹpù ni wọ́n ti ń fi ẹ̀dínwó hàn wá, ṣùgbọ́n ìdí ẹyin àti adìyẹ la ti ń san án. Ẹni tí kò bá ro méjèèjì pọ̀, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé àdánù ló ń pè ní èrè.

Ètò Kroger ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Dọ́là kan tí ẹ bá fi ra ọjà, póìǹtì kan. Póìǹtì 100 á yọ sẹ́ǹtì 10 lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Póìǹtì 1,000 á yọ dọ́là kan, kò sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí táǹkì yín bá tóbi bí odò, gálọ́ọ̀nù 35 péré ni wọ́n máa dín owó rẹ̀ kù. Ilé epo tiwọn gan-an ni mo ń sọ o. Àwọn ilé epo tí wọ́n bá dòwò pọ̀, bíi Shell, ní òfin tiwọn.

Ká máa pariwo dọ́là kan láìṣírò

Àṣìṣe yìí ló bí gbogbo ìyókù. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ Camry. Táǹkì ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 16, kò sì sẹ́ni tó ń dúró kí epo tán pátápátá kó tó lọ ra òmíràn, nítorí náà ká ní gálọ́ọ̀nù 15 la máa rà. Ẹ ná dọ́là 100 lórí ọjà, ẹ rí póìǹtì 100, wọ́n yọ sẹ́ǹtì 10 lórí gálọ́ọ̀nù 15. Dọ́là kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ ná dọ́là 1,000, wọ́n yọ dọ́là 15. Ọ̀kan náà ni: nínú gbogbo dọ́là 100 tó jáde lápò yín, dọ́là kan ààbọ̀ ló padà. Ẹni tó ń wa Corolla kò tilẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀, torí táǹkì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 13 lọ. Ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó lè gba gálọ́ọ̀nù 35 nìkan ló lè rí dọ́là 35 lórí ẹgbẹ̀rún kan.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọjà. Ká ní báàgì ìrẹsì kan jẹ́ dọ́là 20 níbi tí kò sí póìǹtì, tó sì jẹ́ dọ́là 22 níbi tí póìǹtì wà. Póìǹtì 22 tí ẹ máa rí lórí rẹ̀, bí ẹ bá ṣírò ó lórí táǹkì Camry, sẹ́ǹtì 33 ni. Ẹ ti fi dọ́là méjì ra sẹ́ǹtì 33. Ìrẹsì kan péré nìyẹn o, a ò tíì dé ìdí ẹran, òróró àti wàrà.

N kò sọ pé gbogbo nǹkan ló wọ́n ní Kroger. Àwọn ọjà tí wọ́n bá dín owó wọn kù fún ọ̀sẹ̀ kan lè pọ́ọ́kú ju ti Walmart tàbí Aldi lọ, mo sì máa ń rí àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n rà: wọn á ṣa ohun tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù nìkan, wọn á jáde. Àwọn yẹn ń jèrè. Ẹni tó ń pàdánù ni ẹni tó ti torí epo pinnu pé ibì kan ṣoṣo lòun á ti máa ra gbogbo nǹkan, tí kò sì wo iye ara ọjà mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa! Ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà Bódìjà mọ̀ pé ẹ máa béèrè èènì. Ó ti yọ èènì yẹn sílẹ̀ kó tó dá iye lé kóńgò. A mọ èyí nílé, a wá dé òkè òkun, a gbàgbé.

Pé owó ẹ̀dínwó máa ń ti ibìkan wá, kì í ṣe ìfura lásán. Ní Ọsirélíà, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá méjì, Coles àti Woolworths, bá ara wọn díje lórí rìsíìtì ẹ̀dínwó epo títí ó fi di pé ní ọdún 2013, àwọn kan ń yọ tó sẹ́ǹtì 45 lórí lítà kan. Ìgbà tó yá, ACCC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìdíje ọjà níbẹ̀, dá sí i. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé àwọn ilé epo kéékèèké tí kò ta búrẹ́dì tàbí ẹran kò ní rí ibi tí wọ́n á ti mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá, wọn á kógbá sílé, ẹni tó bá sì kù á máa ta epo bó ṣe wù ú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2014, ẹ̀dínwó tí èrè ṣọ́ọ̀bù bá ń gbé kò gbọdọ̀ ju sẹ́ǹtì mẹ́rin lọ lórí lítà.

Ká máa sá tẹ̀lé póìǹtì tó kù

Áàpù Kroger lórí fóònù máa ń sọ fún yín pé ó ku póìǹtì 40 kó pé iye kan. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yún èèyàn. Ó di ọjọ́ Sátidé, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọjà, ẹ ń wá nǹkan dọ́là 40 tí ẹ máa fi kún un. Abẹ́là olóòórùn dídùn, ìpápánu ọmọdé, ike tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí tí ó ti kún kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí dọ́là 40 yẹn máa mú wá ni sẹ́ǹtì 10 míì lórí gálọ́ọ̀nù, ìyẹn dọ́là kan ààbọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe ń rí ni pé kí ẹ ná iye kan kí wọ́n tó fún yín ní kúpọ́ọ̀nù. Ká ní ẹni tó bá ra ọjà pọ́n-ùn 40 ni wọ́n máa yọ pẹ́ńsì márùn-ún fún lórí lítà. Lórí lítà 50, pọ́n-ùn méjì ààbọ̀ nìyẹn, kò sì burú rárá bí ọjà yín bá ti pé pọ́n-ùn 40 tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 31, tó wá padà lọ kó nǹkan pọ́n-ùn mẹ́sàn-án tí kò nílò, òun ni wọ́n dìídì ṣe kúpọ́ọ̀nù náà fún.

Ká jẹ́ kí póìǹtì bàjẹ́, tàbí ká lò ó níbi tí kò yẹ

Ní Kroger, póìǹtì tí ẹ rí ní oṣù Kẹta kò ní í kọjá òpin oṣù Kẹrin. Èyí tó tún ń dun àwọn èèyàn jù ni pé wọn kì í da póìǹtì oṣù méjì pọ̀. Bí ẹ bá ní 700 ti oṣù Kẹta, tí ẹ sì ní 300 ti oṣù Kẹrin, dọ́là kan kò jáde níbẹ̀. Sẹ́ǹtì 70 ni, sẹ́ǹtì 30 sì dúró lọ́tọ̀.

Ẹlòmíì á ti kó 1,000 jọ tán, á wá lọ ra epo nígbà tí táǹkì ṣì kún dé ìdajì. Gálọ́ọ̀nù méje ló wọlé, dọ́là méje ni wọ́n yọ, póìǹtì 1,000 ti lọ. Ì bá fi ọjọ́ díẹ̀ kún un kí ọwọ́ táǹkì lọ sílẹ̀, ì bá rí dọ́là 14 tàbí 15. Bí òpin oṣù kò bá tíì dé, ẹ sọ fún páǹpù pé ẹ ò lo póìǹtì lónìí. Ó máa ń béèrè.

Nídìí páǹpù fúnra rẹ̀, nọ́ńbà fóònù tàbí káàdì ṣọ́ọ̀bù ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí káàdì báńkì tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni iye epo lójú páǹpù á já wálẹ̀. Ẹ dúró kí ẹ rí i kó já. Bó bá jẹ́ $2.79 ló ṣì ń kà, tí kò tíì di $1.79, ẹ má tíì gbé ẹnu páǹpù sí ọkọ̀, torí tí epo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ti parí. Ìyára ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá ń fun fèrè.

Póìǹtì tó tú ká sórí nọ́ńbà mẹ́rin nínú ilé kan kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ní tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, ọmọ tó wà ní yunifásítì ní tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dé 300 lóṣù. Kí gbogbo ilé máa tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo. (Ẹni tó sì ń jèrè jù láwùjọ wa, mo fura pé ẹni tí wọ́n kó owó fún pé kó lọ ra omi àti mínírà ìkómọ ni. Owó gbogbo ẹgbẹ́ ló ná, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló tẹ̀.)

Ká rìn jìnnà, ká sì gbà pé epo ṣọ́ọ̀bù ló máa ń pọ́ọ́kú

Iye tí ilé-iṣẹ́ owó-orí Amẹ́ríkà gbà pé ó ń náni láti wa ọkọ̀ fún iṣẹ́ ní ọdún 2025 jẹ́ sẹ́ǹtì 70 fún máìlì kan. Epo, táyà, àtúnṣe àti ogbó ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wa máìlì márùn-ún lápapọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ torí epo nìkan, dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ ti lọ. Póìǹtì 200 kò tó san án.

Ẹ wo iye tó wà lójú pátákó kí ẹ tó ka ẹ̀dínwó. Bí epo ṣọ́ọ̀bù bá fi sẹ́ǹtì 15 ju ti ilé epo òdìkejì ọ̀nà lọ, póìǹtì 100 yín kò ní ìtumọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọdún la fi gbà pé ṣọ́ọ̀bù ńlá ni ibi epo pọ́ọ́kú. Ní oṣù Keje ọdún 2023, CMA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìdíje ọjà níbẹ̀, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé láàárín 2019 sí 2022, èrè tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń jẹ lórí lítà kan ti fi pẹ́ńsì mẹ́fà lé sí i, àti pé ní 2022 nìkan, àwọn awakọ̀ san nǹkan bíi 900 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé lórí níbẹ̀.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí ẹ̀dínwó, epo olówó ńlá (premium) ni wọ́n máa rà sí ọkọ̀ tí kò bèèrè fún un. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà, AAA, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2016: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo lásán kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Káàdì ẹ̀bùn, àti káàdì gbèsè

Ibi tí owó gidi wà nínú ètò yìí nìyí, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Káàdì ẹ̀bùn tí wọ́n ń tà ní Kroger máa ń gba póìǹtì ìlọ́po méjì, nígbà míì ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa ná dọ́là 250 ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìkọ́lé, ẹ dúró de ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ra káàdì ẹ̀bùn ibẹ̀ ní Kroger. Póìǹtì 1,000, dọ́là 15 lórí dọ́là 250: dọ́là mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún. Mo mọ̀ pé bí ọmọ Nàìjíríà bá dárúkọ káàdì ẹ̀bùn, ojú á máa wo ojú. Ẹ pa rìsíìtì yín mọ́ ṣáá. Ẹ yẹ ara káàdì wò kí ẹ tó sanwó, bóyá wọ́n ti ha ibi tí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wà. Ẹ má sì ra ti ibi tí ẹ kì í dé, inú dúrọ́ọ̀ ló máa kú sí.

Bó bá jẹ́ káàdì gbèsè lẹ ń fi ra ọjà, tí ẹ kì í sì í san án tán ní òpin oṣù, ẹ gbé póìǹtì tì. Èlé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí dọ́là 1,000 jẹ́ dọ́là 20 lóṣù. Dọ́là 15 ni wọ́n yọ fún yín nídìí páǹpù.