Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ ká ṣi kòkòrò mú

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ márùn-ún ládùúgbò kan ní Ìkòròdú, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé eyín ni wọ́n ń hù. Eyín kì í hù lẹ́nu ọmọ gbogbo àdúgbò lọ́sẹ̀ kan náà.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti oògùn tó ń ṣáájú àyẹ̀wò. Ìyá ọmọ á yà ní kẹ́míìsì, wọ́n á ta tẹtirasáíkílìnì fún un. Kí ìgbẹ́ ọmọ tó dé láàbù, oògùn ti pa púpọ̀ nínú kòkòrò náà, kò ní hù mọ́ nínú àwo àyẹ̀wò, èsì á sì ní kò sí nǹkan kan. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òun kì í ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹ gba ìgbẹ́ sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, ẹ má ha á jáde láti inú pampas. Shigella, bakitéríà kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tó bá ti jáde lára. Bí ìgbẹ́ náà kò bá ní dé láàbù láàárín wákàtí 2, inú Cary-Blair, ohun ìpamọ́ tó ń jẹ́ kí kòkòrò wà láàyè, ni kó wà, ẹni tó bá sì mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 mọ̀ pé wákàtí 2 kì í pẹ́ lọ.

Àṣìṣe tiwa nínú láàbù rèé: bakitéríà tó ń jẹ́ E. coli hù, a sì kọ ọ́ pé òun ló fà á. Láti 1885 tí Theodor Escherich ti rí i nínú ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ la ti mọ̀ pé ìfun ẹni tára rẹ̀ dá ṣáṣá náà ló ń gbé. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, bíi EPEC àti ETEC, ló ń da ọmọ láàmú, ṣùgbọ́n lórí MacConkey, oúnjẹ tí a fi ń mú kòkòrò hù ní láàbù, píǹkì kan náà ni wọ́n ń yọ pẹ̀lú àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì kòkòrò, ló ń yà wọ́n. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ fi kòkòrò náà ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní in, ẹ má ṣe fi orúkọ E. coli dí àlàfo.

Àyẹ̀wò Widal kò bá ìgbẹ́ gbuuru yìí tan rárá. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì ni.

Onígbáméjì jà dé Ìkòròdú ní 2024, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wá. Síbẹ̀, rotavirus, tó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe bakitéríà, náà ń mú kí ọmọ máa ya omi. Ẹ gba ìgbẹ́ ọmọ bíi mẹ́wàá, kí ẹ sì gba ti àwọn ọmọ àdúgbò kan náà tí ara wọn dá mọ́ ọn: kòkòrò tí ẹ bá rí bákan náà lára aláìsàn àti aláìlárùn, ẹ má tíì dá a lẹ́bi.